Ẹ̀rọ ìṣirò ẹni, àṣẹ ẹlòmíràn

Ohun tí Texas Instruments ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009 ṣì ń dùn mí. Ẹ̀rọ ìṣirò TI-83 Plus wọn kì í gba ètò míì tó lè darí rẹ̀, àfi èyí tí ilé-iṣẹ́ náà bá fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ buwọ́ lù. Ẹnì kan tó kàn fẹ́ràn ẹ̀rọ náà fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ohun tó ju oṣù méjì lọ, títí ó fi rí nọ́ńbà méjì tó bí kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún. Kò da iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kọ. Síbẹ̀, nígbà tí òun àtàwọn míì gbé nọ́ńbà náà sórí ayélujára, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà: ẹ yọ ọ́ kúrò!

Ọ̀nà tí DMCA, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé ìwé náà kà, là sílẹ̀ ló ká mi lára jù. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ iṣẹ́ rẹ ná. Bí o bá fẹ́ kó padà, wàá kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ, wàá gbà pé o máa jẹ́jọ́ nílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, wàá sì dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí 14. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ni àyà rẹ̀ kò ní já?

Àwọn agbẹjọ́rò Electronic Frontier Foundation, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí ayélujára, gbèjà mẹ́ta lára àwọn tó gba ìwé náà lóṣù Kẹwàá ọdún náà, nọ́ńbà wọn sì padà síta. Àwọn tí kò rí agbẹjọ́rò ńkọ́? Ó yẹ kí olùfisùn máa búra pé òótọ́ ni ẹ̀sùn náà. Lọ́wọ́lọ́wọ́, ohun tó ń búra sí kò ju pé òun láṣẹ láti sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹni tó ni iṣẹ́.