Jíà Kan Ṣoṣo Gun Òkè Aburi

Láti oríta ńlá tí wọ́n fi orúkọ Tetteh Quarshie sọ ní ìlú Accra, títí dé Aburi lórí òkè Akuapem, kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà náà ni kò ga rárá. Àfi nígbà tó bá dé Ayi Mensah ni ilẹ̀ ṣàdédé dìde, tí títì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ gun òkè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí kẹ̀kẹ́ ológeere oníjíà kan lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe, ọ̀nà yìí ni kó gbà.

Kí ló dé tí ènìyàn yóò fi yọ jíà kúrò lára kẹ̀kẹ́ tó ní 21? Ìdáhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti èbúté Tema, níbi tí kọ̀ńténà ti ń já kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ sílẹ̀. Àjọ Village Bicycle Project, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, wà lára àwọn tó ń kó wọn wá sí Ghana, wọ́n sì máa ń kọ́ àwọn tó fẹ́ rà á bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ kẹ̀kẹ́ agòkè, irú èyí tí táyà rẹ̀ nípọn, tí irin rẹ̀ sì lágbára. Irin náà ṣì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó máa ń tètè kú lára rẹ̀ ni jíà: eyín á jẹ, wáyà á dógùn-ún, ẹ̀rọ kékeré tó ń ti ṣéènì láti ibì kan sí ibòmíràn á wọ́. Atẹ́gùn oníyọ̀ láti òkun àti eruku ọyẹ́ kì í jẹ́ kó pẹ́. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, kẹ̀kẹ́ tó yẹ kó máa gbé bàbá lọ síbi iṣẹ́ àti ọmọ lọ sílé ìwé á wá dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ilé.

Jíà kan kì í ṣe àṣà tuntun. Raleigh tí àwọn bàbá àgbà ilẹ̀ Yorùbá fi lọ sóko, tí wọ́n fi gbé àpò kòkó wálé, jíà kan ló ní. Kẹ̀kẹ́ agòkè gan-an, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń gun ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ Schwinn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń tẹ pẹ́dàlì sí kó tó dúró, gíríìsì inú rẹ̀ á sì gbóná títí á fi jó, tí wọ́n á fi gbọ́dọ̀ tún òmíràn rọ sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe eré ìje wọn ní Repack. Oṣù kẹwàá 1976 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ oníjíà kan ni jíà púpọ̀ tó wọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ àtúnṣe náà kò gbà ju ọ̀sán kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ní irinṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo àárín táyà ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń yí mọ́ ọn bí ìdérí ìgò, ẹ tú gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ yí ẹyọ kan bíi ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n to àwo eléyín jọ sórí rẹ̀, ẹ tú òrùka tó dè é, ẹ yọ àwọn àwo náà, kí ẹ dá ẹyọ kan padà, kí ẹ sì fi òrùka dí àyè tó ṣẹ́kù lọ́tùn-ún lósì. Ohun tí ojú gbọ́dọ̀ rí ni pé àwo ẹ̀yìn àti àwo iwájú wà lórí ìlà kan náà. Bí ṣéènì bá wọ́, yóò máa já bọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ṣéènì kúrú. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ rọrùn, torí ihò tí a ń de táyà ẹ̀yìn mọ́ gùn sẹ́yìn, a lè fa táyà títí ṣéènì yóò fi le. Lára kẹ̀kẹ́ tí ihò rẹ̀ kọjú sílẹ̀, a nílò ohun tí yóò máa fa ṣéènì. Ẹ̀rọ jíà àtijọ́ náà lè ṣe é, bí a bá fi ìdè rẹ̀ tì í síbi kan kó má lè rìn mọ́. Ohun tó bàjẹ́ fún iṣẹ́ kan wúlò fún òmíràn.

Ibi tí orí ti ń fọ́ni ni iye eyín tí a ó mú. Bí eyín iwájú bá jẹ́ 32, tí ti ẹ̀yìn jẹ́ 16, bí pẹ́dàlì bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà á yí lẹ́ẹ̀mejì. Lórí táyà 26, ìyẹn ju mítà mẹ́rin lọ díẹ̀. Ó dára lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ṣùgbọ́n orúnkún á sunkún lórí òkè. Bí ti ẹ̀yìn bá jẹ́ 20, mítà mẹ́ta lé díẹ̀ ni. Òkè á ṣeé gùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á máa sáré lásán ní Madina. Kò sí èyí tó gba ibi méjèèjì. Ẹni tó bá yan jíà kan ti yan ibi tí yóò ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn àti ibi tí yóò ti jìyà.

Ìrìn náà kọjá ẹ̀gbẹ́ yunifásítì Legon, ó gba Madina níbi tí wọ́n ti ń ta wààkyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, ó sì dé Adenta. Ẹ má fojú kékeré wo títì yìí. Ní Oṣù kọkànlá 2018, àwọn ará àdúgbò fi ẹ̀hónú hàn níbẹ̀ nítorí àwọn tí ọkọ̀ ń pa bí wọ́n ti ń sọdá, nígbà tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀ láìparí. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó parí wọn. Kí oòrùn tó yọ ló yẹ kí oníkẹ̀kẹ́ ti kọjá.

Ní Ayi Mensah, ìdí á kúrò lórí àga. Ẹni tí kò ní jíà tí yóò yí sí á dìde dúró lórí pẹ́dàlì, á fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, bọ̀ọ̀kẹ́lẹ́bọ̀ọ̀kẹ́lẹ́. Bí èémí bá sì ti tán, á sọ̀ kalẹ̀, á máa tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ gun òkè náà fún ìlera láàárọ̀ Sátidé pọ̀, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ á rí alábàárìn.

Lókè ni Peduase Lodge wà, ilé tí Nkrumah kọ́. Ọmọ Nàìjíríà kò ní kọjá níbẹ̀ láìdúró. Níbẹ̀ ni Gowon àti Ojukwu ti pàdé ní ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún Oṣù kìn-ín-ní 1967, tí wọ́n ṣe àdéhùn Aburi. Tọ̀tún tòsì ló padà sílé pẹ̀lú ìtumọ̀ tirẹ̀. Nígbà tó di Oṣù keje, ogun bẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọgbà igi Aburi, tí wọ́n ṣí ní 1890. Ọ̀pẹ gígùn tò sí ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì tutù ju ti Accra lọ. Ẹni tó ṣì lágbára lè tẹ̀ síwájú dé Mampong, níbi tí Tetteh Quarshie gbin kòkó sí lẹ́yìn tó kó èso rẹ̀ wá láti Fernando Po ní 1879.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni jíà kan yẹ. Ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo gun òkè lójoojúmọ́, tàbí tí orúnkún ń dùn, kó tọ́jú jíà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ nítorí jíà tó kú lè gbé e dìde. Kó tó náwó lé àwo tàbí ṣéènì, kó kọ́kọ́ ra rọ́bà bíréèkì tuntun méjì, torí gbogbo òkè tó gùn láàárọ̀ ni yóò tún sọ̀ kalẹ̀ kó tó délé.