Ìdí Tí A Fi Jáde Nígbà Kòrónà

Bristol, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Ọjọ́ 13, Oṣù Kẹfà, 2020.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Bàbá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́. O ní ṣé orí wa pé ní Bristol, pé àrùn ń pa ènìyàn lọ́tùn-ún lósì, àwa wá kó ara wa jọ sígboro bí ẹni ń lọ sóde ìgbéyàwó. O tún ní ìwọ́de wo ló tún ayé ṣe rí. Ọ̀rọ̀ rẹ kò dùn mí, ẹni tó fẹ́ràn ẹni ní í bá ẹni wí. Ṣùgbọ́n ó ju ohun tí mo lè fi ohùn ìṣẹ́jú méjì dáhùn lọ. Ìsinmi ni mo wà, àyè wà fún mi, jẹ́ kí n rò ó fún ọ dáadáa.

Ìwọ náà rí fídíò George Floyd, ọkùnrin tí ọlọ́pàá òyìnbó fi orúnkún tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Minneapolis ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó ń sọ pé òun kò lè mí. Ó ń ké pe ìyá rẹ̀, ìyá tó ti lọ sọ́run. Èmi kò lè wò ó dópin. Ohun tí o lè má tíì gbọ́ ni pé ọkùnrin yẹn ti ní kòrónà. Àwọn dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò ló sọ ọ́: àyẹ̀wò oṣù kẹrin ti fi hàn pé ó wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣe ní ilé ìgbafẹ́ kan, kòrónà náà ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa. Àrùn gba iṣẹ́ rẹ̀, ó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ọmọ ènìyàn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò dá a sí. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé kí á gbé ọ̀ràn ẹlẹ́yàmẹ̀yà tì ná kí àjàkálẹ̀ àrùn kọjá, òun ni mo ń rántí.

Wá gbọ́ bí tiwa ṣe rí níbí. Láti ọjọ́ 23 oṣù kẹta tí ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé, gbogbo ìlú wọlé, ilẹ̀kùn dé gbọn-in. Àwa kò wọlé. Bọ́ọ̀sì ìdájí tí mo ń wọ̀ ní Easton, àwa kan náà la máa ń bá ara wa níbẹ̀: àwọn obìnrin Sòmálíà tó ń fọ ilẹ̀ ní ọsibítù, bàbá ará Jàmáíkà kan tó ń ṣọ́ ilé ìtajà, èmi àti àwọn bíi tèmi tó ń tọ́jú arúgbó. Ní ibi iṣẹ́ wa, ìbòmú kan ṣoṣo la ó lò láti òwúrọ̀ di alẹ́. Nígbà tí épírọ́ọ̀nù tán, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí la fi rọ́pò rẹ̀. A ó ya ihò kan sókè fún orí, a ó ya méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún apá, a ó wá so ó ní ìbàdí kó má baà máa fẹ́ lẹ́lẹ́. Ọ̀rá yẹn ni mo wọ̀ tí mo fi di ọwọ́ màmá òyìnbó kan mú títí màmá fi dákẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúró sí ìta, wọ́n gbé ojú lé gíláàsì fèrèsé, nítorí òfin kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Mo ń gbọ́ ẹkún wọn láti inú ilé. Mi ò ní gbàgbé rẹ̀ láyé.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí agogo mẹ́jọ bá lù, àdúgbò á jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún wa, wọ́n á máa lu ìkòkò. Ó dùn mọ́ mi nínú, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún, àwọn oníṣirò ìjọba, ONS, gbé àbọ̀ wọn jáde. Bí a bá fi ọjọ́ orí wé ọjọ́ orí, ewu kí kòrónà pa aláwọ̀ dúdú ní England àti Wales ju ti òyìnbó lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n yọ ti àìlówó, ti irú ilé tí à ń gbé àti ti àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ kúrò, síbẹ̀ ó ṣẹ́ kù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Àwọn dókítà tí àrùn yìí kọ́kọ́ pa níbí, ọmọ Áfíríkà àti ọmọ Éṣíà ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni Dókítà Alfa Saadu, ọmọ Pàtẹ́gi ní Kwara níbẹ̀ yẹn, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo 40 ọdún lẹ́nu ìtọ́jú àwọn ará ìlú yìí. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ló kú.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn mínísítà bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n pé kí ẹnikẹ́ni má jáde fún ìwọ́de, pé ènìyàn mẹ́fà péré ni òfin gbà láyè láti péjọ níta, mo gbọ́, ó sì yé mi. Òfin ni. Mo mọ ohun tí àrùn yìí ń ṣe ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, ọwọ́ mi ni mo fi ń pa ojú òkú dé. Àmọ́ láti oṣù kẹta ni wọ́n ti ń rán àwa yìí jáde lójoojúmọ́ sínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sọ pé ìta léwu. Ọjọ́ tí a fẹ́ jáde nítorí ẹ̀mí tiwa ni wọ́n tó rí ewu. Èyí gan-an ló gbé mi dìde, Ìyá Ìbejì. Àwọn oníṣẹ́ ìlera tó lé ní 1,000 ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé, wọ́n fọwọ́ sí i pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà fúnra rẹ̀ ń pa ènìyàn, pé kí ìjọba má fi kòrónà bojú láti tú ìwọ́de ká. Mo fara mọ́ wọn.

Tọ́lá ọmọ mi ló kọ́kọ́ ní òun ń lọ. Mo ní kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbé fóònù sí mi níwájú, ó ní kí n wo John Boyega, òṣèré fíìmù yẹn, ọmọ Peckham tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, ní Hyde Park ní ọjọ́ 3 oṣù yìí. Ọmọ pásítọ̀ ni. Ó dúró láàárín èrò pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ á ṣẹ́ kù fún òun lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí òun ń sọ yìí. Ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣe wàhálà kó tó rí ọ̀nà là báyìí! Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè fi ohun tó ní wewu, kí ni èmi ń fi pamọ́? Mo sọ fún Tọ́lá pé a jọ ń lọ. Mo tọrọ ìsinmi níbi iṣẹ́, kí n má baà ti àárín èrò padà sídìí ibùsùn àwọn arúgbó. Ìsinmi tí mo tọ́jú láti fi wá sílé ní oṣù kejìlá ni mo lò. Mo mọ̀ pé yóò dùn ọ́, ó dùn mí náà.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni, ọjọ́ 7, ní pápá College Green níwájú kàtídírà. Nǹkan bí 10,000 ènìyàn la jẹ́, òyìnbó ló sì pọ̀ jù, àwọn ọmọdé wọn, àwọn ọmọ yunifásítì. Ìbòmú ni mo kọ́kọ́ ń wò. Èyí tó pọ̀ nínú wọn wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin kò tíì fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti wọ̀ ọ́ nígbà náà. Ọmọdékùnrin kan ń kiri pẹ̀lú ìgò sanitáísà, ó ń ta á sí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó bá nawọ́. Àdìrẹ Ìtòkú tí o fi ránṣẹ́ sí wa ní Kérésì ni mo gé tí mo fi rán ìbòmú èmi àti Tọ́lá. Má bínú pé mo gé e. Obìnrin mẹ́ta ló bi wá níbo la ti rà á.

Láti ibẹ̀ la ti wọ́ lọ sí àárín ìlú, ibi tí ère Edward Colston wà. O kò mọ̀ ọ́n, èmi tó ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Ère idẹ ni, ọkùnrin tó fara ti ọ̀pá, tó fi ọwọ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́. 1721 ló kú, 1895 ni wọ́n gbé ère náà dúró, wọ́n kọ ọ́ sídìí rẹ̀ pé ara àwọn ọmọ ìlú tó níwà tó sì gbọ́n jù lọ ni. Òwò ẹrú ló ṣe. Igbákejì gómìnà ló jẹ́ ní Royal African Company. Nígbà tó fi wà níbẹ̀, wọ́n kó nǹkan bí 84,000 ọmọ Áfíríkà gba orí òkun, ọkùnrin, obìnrin àti èwe, nǹkan bí 19,000 ló kú sójú ọ̀nà. Irin gbígbóná ni wọ́n fi ń tẹ àmì ilé iṣẹ́ náà sí wọn láyà. Ilé iṣẹ́ yẹn ní ibùdó ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òní, èbúté tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa gbà lọ tí wọn kò padà. Ó fi owó náà kọ́ ilé ìwé àti ilé àwọn aláìní fún àwọn ará Bristol, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yìn ín. Àwọn ará ìlú ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n gbé e kúrò. Wọ́n tiẹ̀ gbà nígbà kan pé àwọn ó kọ òótọ́ nípa rẹ̀ sí ara pátákó mìíràn, ìjà lórí ohun tí wọ́n ó kọ kò jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Àwọn ọ̀dọ́ gun orí òkúta náà, wọ́n fi okùn kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n fà á. Ó ré lulẹ̀. Ariwo tó sọ, àyà mi já. Ẹnìkan lọ kúnlẹ̀ lé ọrùn ère náà gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá yẹn ti ṣe, gbogbo ènìyàn sì mọ ohun tó ń sọ. Wọ́n wá ń yí i lórí ọ̀dà, inú rẹ̀ ṣófo, ó ń dún gbàgà-gbàgà títí dé etí omi, nítòsí afárá tí wọ́n fi orúkọ Pero sọ, ẹrú aláwọ̀ dúdú tí olówó rẹ̀ mú wá sí ìlú yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n jù ú sí. Àwọn ọlọ́pàá ò dá sí i, ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sì ta sílẹ̀ nídìí ère náà. Màmá Jàmáíkà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bú sẹ́kún, ó ń fi ìdí ìgbọ̀nwọ́ nu ojú kí ọwọ́ má baà kan ìbòmú.

Àwọn kan ní jàǹdùkú ni wá. Olórí ìlú, Marvin Rees, tí bàbá rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, ní òun tí wọ́n dìbò yàn kò lè fọwọ́ sí bíba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀sí ni ère náà jẹ́ fún òun. Èmi fara mọ́ àwọn tó fà á lulẹ̀. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n fà á jáde nínú omi. Nígbà tí wọ́n fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n bá táyà kẹ̀kẹ́ àti ìwé ìròyìn ọdún 1895 tí wọ́n ká mọ́ inú rẹ̀, tí àwọn tó gbé e nàró kọ orúkọ wọn sí. Ó ń lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, òun àti àwọn páálí tí a gbé lọ́wọ́.

O bèèrè ìwọ́de tó tún ayé ṣe. Ní ìlú yìí kan náà, títí di 1963, wọn kì í gba aláwọ̀ dúdú sí iṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, wọn kì í gbà á sí iṣẹ́ agbowó ọkọ̀. Paul Stephenson àti àwọn ọ̀dọ́ ará Jàmáíkà ní kí ará ìlú má wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi rìn ín lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ, ilé iṣẹ́ náà gbà. 1965 ni ìjọba ṣe òfin àkọ́kọ́ tó lòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì ìdájí tí mo ń wọ̀, obìnrin dúdú ni.

Ọmọ ọdún 16 tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Èkó lóṣù tó kọjá, tí o mẹ́nu bà, kò kúrò lọ́kàn mi. O ní àwọn tiwa náà ń pa wá. Òótọ́ ni, ẹkún rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré ju ti Floyd. Bí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ bá jáde nítorí rẹ̀, má ṣe bá wọn jà.

Mo ti ṣe àyẹ̀wò, wọn kò rí kòrónà lára mi, Tọ́lá náà kò hùkọ́. Mi ò sọ fún ọ pé kò léwu, ó léwu. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo máa padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní épírọ́ọ̀nù tó peye ti dé. Má jẹ́ kí Bàbá lọ sí ọjà Kútọ̀ láìbo imú o, ohun yòówù kí wọ́n sọ. Mo fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Bí kò bá tíì wọlé, pè mí lọ́la. Nígbà tí ilé ìwé bá wọlé, sọ fún mi kí n fi ìwé kíkà ránṣẹ́ fún àwọn ìbejì. Tọ́lá ní kí n bẹ̀ ọ́ fún àdìrẹ ọ̀pá mẹ́rin sí i, aláwọ̀ aró, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ ìbòmú.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Tọ́lá