Òkúta Wẹ́wẹ́ Mẹ́ta

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ mìíràn wà tí í máa ni ọmọ lára kí ó tó yẹ ẹ́. Irú rẹ̀ ni bàbá mi fún mi ní Tẹ̀dé.

Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ Yorùbá dáadáa yóò mọ ọjà tí kò ní olùtajà. Àgbẹ̀ a kó iṣu tàbí ọsàn sí ẹ̀bá ọ̀nà, a to òkúta wẹ́wẹ́ sí iwájú rẹ̀, a sì bá tirẹ̀ lọ sí oko. Iye òkúta ni a fi ń mọ iye owó. Láti ayé owó ẹyọ ni wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tí mo wà ní kékeré, náírà 10 ni òkúta kan lọ́nà tiwa. Lọ́jọ́ kan wọ́n rán mi lọ ra ọsàn lọ́nà Àgọ́-Àrẹ. Òkúta mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀. Mo ju ọ̀kan sígbó, mo san náírà 20, mo sì fi 10 ra gúgúrú. N kò mọ̀ pé ìyá mi ti gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá mi gbé àtùpà, ó mú mi padà lọ. Mo san náírà 10 tó kù. Mo rò pé ó parí. Ó ní kí n wá òkúta tí mo jù nù, òun gan-an, kì í ṣe òkúta mìíràn! Díẹ̀ ló kù kí n sùn síbẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, wọ́n ní kí òbí kọ̀ọ̀kan mú owó wá kí olùṣọ́ ìdánwò lè máa wo ibòmíràn. Láti 1999 ni òfin ìjọba ti wà lórí màgòmágó ìdánwò, ṣùgbọ́n ta ní ń bẹ̀rù rẹ̀? Òbí tó fi òwe bá ọmọ wí láàárọ̀ san án nírọ̀lẹ́. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ta iṣu ni, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé: "Òkúta mélòó lo tún fẹ́ kí n bá ọ jù sígbó?"

Mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Àwọn ẹgbẹ́ mi wọ yunifásítì, èmi kọ ebè fún odidi ọdún kan. Mo bínú sí bàbá mi débi pé ìkíni nìkan ló kù láàrin wa.

Níhìn-ín, a ka ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ ní 1975 lórí ìwàpẹ̀lẹ́, bí Ìwà ṣe jẹ́ aya Ọ̀rúnmìlà, tí ó lé e lọ, tí ó sì tún ń wá a kiri. Gbogbo wa gbádùn rẹ̀. Ó rọrùn kí ènìyàn kọ ìdáhùn lórí ọmọlúàbí kí ó sì gba máàkì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò mi pè mí. Ìdánwò tirẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí n fi owó náà ránṣẹ́, kí bàbá má gbọ́. Mo ń ṣàlàyé, ó dá mi lẹ́nu kọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ti wọlé tán o."

Owó wà lọ́wọ́ mi. Ká ní kò sí ni, ìbá rọrùn. Ìwé ìṣirò tí mo fi tún ìdánwò ṣe ni mo fi rán awakọ̀ kan sí i. Awakọ̀ ní ó gbà á. Kò tíì pè mí.