TA NI Ó NI ÌWÉ? Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ORÚKỌ ÒǸKỌ̀WÉ NÍNÚ IṢẸ́ ÌWÁDÌÍ

Kò sí òṣèré ìbílẹ̀ kan tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ tí yóò ṣíde eré láìjúbà. Onírárà ń júbà, oníjàálá ń júbà, babaláwo náà kì í gbàgbé ẹni tí ó fi ìmọ̀ lé e lọ́wọ́. Bí ẹnìkan bá kọ̀ tí kò júbà, tí ohùn sì há a lọ́nà ọ̀fun láàrin agbo, òun náà ni àwọn àgbà yóò dá lẹ́bi. Kí ìwé tó dé ni Yorùbá ti mọ̀ pé ìmọ̀ ní olúwa, ó sì ní ọ̀nà tí à ń gbà san gbèsè rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní ń júbà bákan náà. Ìtọ́kasí ni wọ́n ń pe tiwọn. Ohun tí ó yàtọ̀ níbẹ̀ ni pé wọ́n ń ka ìbà tiwọn bí ẹni ń ka owó, iye tí ó bá sì jẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí ìgbéga tọ́ sí àti ẹni tí yóò dúró síbi tí ó wà.

Agbègbè Wárí jẹ́ ibi tí ó dára láti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìṣẹ̀kírì, tí èdè wọn bá Yorùbá tan, wà níbẹ̀. Ùróbò wà níbẹ̀. Ìjọ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìmọ̀ tí ó wà láàrin wọn, ẹnu ni ó wà kí ó tó di ohun tí a ń kà nínú ìwé. Nínú irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìtàn Òzídí tí àwọn Ìjọ̀ máa ń fi òru méje sọ. J. P. Clark, ọmọ Kiagbodo tí ó di ọ̀gbẹ́ni akéwì tí gbogbo ayé mọ̀, ni ó gba ìtàn yìí sílẹ̀ lẹ́nu apìtàn tí ń jẹ́ Okabou Ojobolo. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é, ní ọdún 1963. Ọdún 14 kọjá kí The Ozidi Saga tó jáde ní 1977, tí èdè Ìjọ̀ wà ní ojú ewé kan tí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì dojú kọ ọ́.

Clark kò jí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́ sí iwájú ìwé náà gbangba pé láti inú Ìjọ̀ Okabou Ojobolo ni òun ti kó ìtàn náà jọ tí òun sì túmọ̀ rẹ̀. Kódà àwọn tí ó jókòó gbọ́ ìtàn lóru wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń dá sí i, tí wọ́n ń bi apìtàn ní ìbéèrè, ohùn wọn wà nínú ìwé náà; Clark kò gé wọn kúrò. Ìwọ̀nba ni ìwé irú rẹ̀ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀mọ̀wé kan bá fẹ́ tọ́ka sí i lónìí, “Clark 1977” ni yóò kọ. Bí ìlànà ti wí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ṣùgbọ́n inú àwọn méjèèjì ni Okabou rì sí. Lójú ẹ̀rọ tí ń ka ìtọ́kasí, kò sí ọkùnrin kan tí ó fi òru méje pìtàn.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ní ọdún 1951, William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀rìndínlógún sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́nu awo kan tí ń jẹ́ Sàlákọ̀. Ní 1980 ni ó tẹ̀ wọ́n jáde nínú Sixteen Cowries. Bascom dárúkọ Sàlákọ̀ nínú ìwé náà, ó sì yìn ín, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí ó kún inú ìwé náà, ẹnu Sàlákọ̀ ni ó ti jáde. “Bascom 1980” náà ni wọ́n ń kọ. Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá, abẹ́nà ìmọ̀ ni à ń pe irú Sàlákọ̀ àti Okabou. Orúkọ iyì ni. Àmọ́ ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n sábà máa ń to àwọn abẹ́nà ìmọ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, olórìṣà, níbi tí ẹni tí ń ka ìtọ́kasí kì í dé.

Kíkà yìí fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ láyé. Eugene Garfield ni ó kọ́kọ́ dá a lábàá ní Amẹ́ríkà ní 1955 pé ó yẹ kí wọ́n ṣe atọ́ka kan tí yóò máa fi hàn ẹni tí ó tọ́ka sí ẹni. Ní 1964 ni atọ́ka náà jáde fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni kí ó rọrùn fún oníwádìí láti tọ ipasẹ̀ èrò kan láti ìwé dé ìwé, èyí sì wúlò púpọ̀. Nígbà tí ó yá ni àwọn aláṣẹ rí i pé ohun tí a fi ń tọ ipasẹ̀ ṣeé fi wọn ènìyàn. Ní 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí gbogbo ayé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá. Bí ẹnìkan bá ní àpilẹ̀kọ 10, tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìgbà 10 ó kéré tán, òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 10. Ẹni tí ó bá kọ ìwé kan ṣoṣo, ìbáà ṣe ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó tọ́ka sí i, 1 ni tirẹ̀, kò sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ láéláé.

Ibi tí ó ti ń dun olùkọ́ èdè jù wà níbòmíràn. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn atọ́ka ńláńlá wọ̀nyí ń kà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Olùkọ́ tí ó bá fi Yorùbá kọ àpilẹ̀kọ rere, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń lò ó láti Ọ̀yọ́ dé Oǹdó nínú iṣẹ́ àṣekágbá wọn, lè má ní ìtọ́kasí kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ rí. Wọ́n ń kà á. Wọn kò kà á. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu Yorùbá, ìtumọ̀ rẹ̀ méjì sì ni ìyà tí ń jẹ olùkọ́ náà.

Ní Effurun tí ó fẹ̀gbẹ́ ti Wárí, ọwọ́ mìíràn ni wọ́n fi mú ọ̀rọ̀ náà. Petroleum Training Institute ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1973, Federal University of Petroleum Resources sì dé ní 2007. Nínú irú ìmọ̀ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún lè fọwọ́ sí àpilẹ̀kọ kan láìsí ìjà: ẹnìkan bu omi odò wá, ẹnìkan yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnìkan ṣe ìṣírò, ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn tí ń ṣe físíìsì ní Geneva tilẹ̀ gbé tiwọn dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé e dé rí. Ní 2015 wọ́n tẹ àpilẹ̀kọ kan tí òǹkọ̀wé rẹ̀ jẹ́ 5,154. Nínú ojú ewé 33 tí ó ní, 24 ni wọ́n fi to orúkọ àwọn ènìyàn àti ilé iṣẹ́ wọn. Ojú ewé 9 péré ni ó ṣẹ́kù fún ọ̀rọ̀. Oríkì ìlú kan odindi kò gùn tó bẹ́ẹ̀.

A lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà tí ó gbà pé ènìyàn kan ṣoṣo ni ó ń kọ ìwé. Títò orúkọ pàápàá kò dọ́gba. Láàrin àwọn onímọ̀ ìṣirò, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ni wọ́n sábà fi ń tò ó. Ní ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ọ̀gá ni ó máa ń gbẹ̀yìn. Ní ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn olùkọ́ni, ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni pàtàkì. Nítorí náà ìgbìmọ̀ ìgbéga tí ó bá fún orúkọ àkọ́kọ́ ní ìpín tí ó pọ̀ jù, láìbéèrè irú ìmọ̀ tí àpilẹ̀kọ náà ti wá, ń fi ìgbá kan ṣoṣo wọn gààrí, epo àti aṣọ.

Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín ni ti akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ N.C.E. kan yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí abúlé, yóò bẹ àwọn àgbà, yóò gba ohùn wọn sílẹ̀, yóò jókòó ti ẹ̀rọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kí ó lè da ọ̀rọ̀ wọn kọ. Ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn náà, iṣẹ́ yìí yóò jáde nínú jọ́nà. Orúkọ alámòójútó ni yóò ṣíwájú. Orúkọ ọmọ náà lè tẹ̀lé e, ó sì lè má sí níbẹ̀ rárá. Nígbà mìíràn orúkọ kẹta yóò wà, ti ọ̀gá kan tí kò ka iṣẹ́ náà rí. Pijin ni àwọn ará Wárí fi ń sọ ọ́: ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ ẹ́. Àwáwí tí ó wọ́pọ̀ ni pé alámòójútó ni ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń gbowó oṣù lé lórí nìyẹn. Bí ó bá padà sí orí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kó wá, tí ó wò ó ní ọ̀tun, tí ó fi èrò tirẹ̀ kún un, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn méjèèjì ni ó ni ín nígbà náà.

Àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ní Vancouver ní Kánádà ní 1978, ti ṣe òfin lórí èyí. Nínú rẹ̀, ẹni tí yóò pe ara rẹ̀ ní òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ gidi níbẹ̀, kí ó ti kọ ọ́ tàbí kí ó ti tún un kọ, kí ó ti fọwọ́ sí èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, kí ó sì lè dáhùn fún un bí ẹjọ́ bá dé. Òfin yìí yóò lé ọ̀gá tí ó yá wọn lórúkọ jáde. Àmọ́ yóò lé Okabou náà jáde, nítorí kò fi ọwọ́ kọ nǹkan kan. Òfin tí ó bá lé àwọn méjèèjì gba ẹnu ọ̀nà kan náà, ó ṣì ku ohun tí ó ń fẹ́.

Ó dára kí a fi ìyẹn wé ohun tí Samuel Johnson ṣe. Ní 1897 ni àlùfáà Ọ̀yọ́ yìí parí The History of the Yorubas. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó dárúkọ àwọn tí ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, David Kúkọ̀mí, baba àgbà ìjọ Ìbàdàn, Josiah Oni, oníṣòwò tí ó mọ tinú tẹ̀yìn ilẹ̀ náà. Kò tò wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé, kò sì sọ iṣẹ́ wọn di tirẹ̀. Ìbà ni ó jú, bí oníjàálá.

Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbúròó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yóò gbọ́, wọ́n ní ó ti sọnù, atẹ̀wé sì ṣe tán láti san owó rẹ̀, bí ẹni pé àwo ni ó fọ́. Johnson kú ní 1901. Obadiah, àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ dókítà ní Èkó, kó àwọn àkọsílẹ̀ àti àjákù tí ó kù nílé jọ, ó sì tún odindi ìwé náà kọ. Nígbà tí ó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn Jámánì mú Appam, ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e, ní January 1916, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó lé ní ọdún méjì kí ìwé tó dé ọwọ́ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí kò fi orúkọ ara rẹ̀ sípò òǹkọ̀wé. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó wà lókè ní ojú ewé àkọ́kọ́. Olóòtú ni ó pe ara rẹ̀.

Obadiah náà kú ní 1920. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ìwé jáde, èyí ni ó fi jẹ́ pé “Johnson 1921” tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ń kọ títí di òní, ọdún tí Johnson kankan nínú àwọn méjèèjì kò sí láyé ni. Bí wọ́n bá sì fi òṣùwọ̀n Hirsch wọn Samuel lórí ìwé náà, 1 ni yóò jẹ́.