Fèrè Tí Mo Pa Lẹ́nu Mọ́

Ganhi ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wà, kò jìnnà sí ọjà. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ń wọ èbúté Kùtọnu, a máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ohun tí n kò sọ fún ọlọ́pàá, tí n kò sọ fún adájọ́, tí n kò sì sọ fún ìyàwó mi fún odidi ọdún méjì.

Mo ra àlòkù bọ́ọ̀sì ńlá kan tó ti Faransé wá. Nígbà tí mo lọ gbà á ní èbúté, mo rí ẹ̀rọ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdarí ọkọ̀, wáyà rẹ̀ ká bíi ti tẹlifóònù àtijọ́, ọ̀pá ike kan sì yọrí lókè rẹ̀. Rẹwáyà tó bá mi lọ ló ṣàlàyé. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ sínú ọ̀pá yẹn kí ọkọ̀ tó lè ṣíná. Bí ọtí bá wà nínú èémí rẹ̀, ọtí náà yóò kan irin olówó iyebíye kan nínú ẹ̀rọ náà, iná mànàmáná díẹ̀ yóò sì jáde. Bí ọtí bá ṣe pọ̀ tó ni iná yẹn ṣe máa pọ̀ tó, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù September 2015 ni òfin Faransé ti fi dandan lé e pé kí gbogbo bọ́ọ̀sì akérò ńlá irú èyí ní i. Bí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ bá ti tó gíráàmù 0.2 nínú lítà kan, ọkọ̀ kò ní ṣíná. Àwa kò mọ orúkọ gígùn tí àwọn Faransé ń pè é. Fèrè ni a sọ ọ́.

Awakọ̀ mi fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, ọmọ Pọ́bẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. N kò tíì rí ẹni tó mọ ọ̀nà Parakou bíi tirẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ni sódàbì, ọtí líle tí a ń fi ẹmu sè, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ògógóró. Gbogbo wa la mọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fọn fèrè náà, tí iná rẹ̀ tan, tí ọkọ̀ ṣíná, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí nǹkan yìí wà níbẹ̀ o. Bí mo bá mọ̀ pé mo máa fọn ún láàárọ̀, n kò ní lè fọwọ́ kan ife lálẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún oṣù mẹ́rin. Ìyàwó rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó rò pé èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ kan ní àdúgbò rẹ̀, fèrè kọ̀. Ó fọn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Èrò 47 ti jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, àwọn kan ń bú mi, àwọn kan ń ya fídíò. N kò rí awakọ̀ mìíràn. Mo dá owó gbogbo wọn padà, ojú sì tì mí níwájú àwọn ọlọ́kọ̀ ẹgbẹ́ mi. Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Èèyàn 47 ni ẹ̀rọ yẹn gbà sílẹ̀. Owó ni mo jókòó tí mo ń kà.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé ó fẹ́ àtúnṣe. Rẹwáyà ní Faransé ni ẹ̀yà ara rẹ̀ yóò ti wá, gbogbo rẹ̀ yóò ná mi ní 190,000 sẹ́fà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ kó gé wáyà rẹ̀, kó so ó mọ́ra kí ọkọ̀ máa ṣíná láìfọn ún, 10,000 ni. Mo san 10,000. Awakọ̀ mi dúró tì wá títí rẹwáyà fi parí. Nígbà náà ló sọ pé, "Ọ̀gá, ta ni yóò wá máa bá mi wí?" Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, àgbàlagbà ni yín, ẹ bá ara yín wí."

Lọ́sẹ̀ keje, láàárín Glazoué àti Ṣábẹ̀ẹ́, bọ́ọ̀sì náà yà kúrò lójú títì. Èrò 11 fara pa. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lẹ́bàá ọ̀nà wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wọ ibẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ mi wò, wọ́n bá ọtí níbẹ̀.

Ọlọ́pàá fi wáyà tí a gé hàn mí, ó bi mí pé kí ló ṣe é. Mo ní, "Bó ṣe ti Faransé dé nìyẹn." Awakọ̀ mi wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́wọ́ òsì mi. Ó wò mí, ó sì tẹ orí ba. Kò já mi nírọ́. Ẹ̀wọ̀n oṣù 18 ni wọ́n dá fún un. Èmi padà sí Ganhi.

Mo ta ilẹ̀ mi ní Calavi láti san owó ilé ìwòsàn. Àwọn ènìyàn ń yìn mí pé mo ní àánú. Ìyìn yẹn ló mú kí oorun dá lójú mi.

Àbúrò mi ń gbé ní Maryland, ní Amẹ́ríkà. Òun náà mu ọtí wakọ̀ níjọ́ kan, ọlọ́pàá mú un, ilé ẹjọ́ sì ní kó fi irú fèrè yẹn sínú ọkọ̀ rẹ̀. Òfin kan wà níbẹ̀ láti 2016 tí wọ́n fi orúkọ Noah Leotta pè, ọ̀dọ́ ọlọ́pàá tí awakọ̀ kan tó ti mutí yó pa ní December 2015. Àbúrò mi ló san owó tí wọ́n fi gbé e sínú ọkọ̀, òun ló sì ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ó ṣàròyé fún mi pé ìyà náà kò dọ́gba: olówó yóò san án láìmọ̀ ọ́n lára, tálákà yóò pàdánù ọkọ̀ tó fi ń wá oúnjẹ. Òótọ́ ló sọ. Ìpínlẹ̀ New Mexico, tó kọ́kọ́ sọ fèrè náà di dandan fún gbogbo ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ọtí lórí ọkọ̀ ní 2005, ní àpò owó kan tó ń ran àwọn tí kò rí i san lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi fi kún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ojú tì mí gan-an, ṣùgbọ́n n kò pa ẹnì kankan."

Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé, níwọ̀n ìgbà tí fèrè bá wà nínú ọkọ̀, iye àwọn tí wọ́n tún ń mú fún ẹ̀ṣẹ̀ ọtí ń fi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta dínkù. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú àǹfààní yẹn a lọ. Nígbà tí mo kà á, ó dà bí ẹni pé awakọ̀ mi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

N kò sọ pé owó rẹ̀ kéré. Tuntun rẹ̀ ní Faransé lè ju ẹgbẹ̀rún kan yúrò lọ, ìyẹn 655,957 sẹ́fà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Benin là sílẹ̀ láti January 2023 jẹ́ 52,000. Owó iṣẹ́ ọdún kan òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn kò tó o. Ẹni tó bá yọ ọ́ lára owó oṣù awakọ̀ ti rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n ìṣirò tèmi kò le tó bẹ́ẹ̀. Ká ní mo fi 200 sẹ́fà lé tíkẹ́ẹ̀tì èrò 47 ni, 9,400 ni n bá máa rí nírìn-àjò kọ̀ọ̀kan. Ìrìn-àjò mẹ́rin ni à ń rìn lọ́sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, 190,000 ìbá ti pé. Ọ̀sẹ̀ keje ni ìyá yẹn pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò ju ọdún méjì lọ. Lóṣù tó kọjá mo lọ sí Pọ́bẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún awakọ̀ mi níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé ìyá elélùbọ́ ti rí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá? Lẹ́yìn náà mo lọ bá agbẹjọ́rò, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo ní kí wọ́n gé wáyà náà, mo sì fọwọ́ sí i. Ohun tí òfin bá fẹ́ fi mí ṣe, mo ti gbà.

Ẹ̀yin onímọ́tò ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gba ọkọ̀ ní èbúté, bí ẹ bá bá fèrè yẹn nínú ọkọ̀ yín, ẹ má gé e. Bó bá bàjẹ́, ẹ tún un ṣe, kì í sì í ṣe lára owó awakọ̀. Ẹni tó ń jẹ èrè ọkọ̀ ni kó san owó rẹ̀. Bó bá sì kọ̀ láti ṣíná láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ dá owó èrò padà, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n bú yín.

Ẹ̀tàdínláàádọ́ta ni wọ́n lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Gbogbo wọn ló padà sílé láàyè.