Ṣé Ẹ Ti Kà Á?

Ní oṣù tó kọjá, àwa méjèèjì ka gbogbo ìwé tó wà nínú yàrá wa láàárín wákàtí méjì. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún wa o. Bí ènìyàn ṣe ń ka owó la ṣe kà wọ́n. Ìwé 143 ni. Àwọn tí a ti kà dé òpin jẹ́ 31, àwọn tí a kà dé ìdajì kí a tó pa wọ́n dé jẹ́ 20. Àwọn 92 tó kù, ẹ̀yìn wọn nìkan la mọ̀.

Agbowó là ń gbé, ní òdìkejì títì sí Yunifásítì Ìbàdàn, nínú yàrá tí ẹni méjì ò lè jọ dìde dúró kí ọ̀kan má gbá èkejì. Ìwé wà lójú fèrèsé, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wà lábẹ́ tábìlì tí a ń gbé sítóòfù lé. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan kán, ìwé ètò ọrọ̀ ajé mẹ́rin la fi gbé e dúró. Títí di òní, a ò mọ ohun tó wà nínú wọn, a ò sì lè yọ wọ́n wò.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan kẹ́kọ̀ọ́ jáde, kò lè kó ẹrù rẹ̀ tán, ó ní kí ẹ máa lo ìwé òun. Ẹ ń kọjá lọ lọ́jà, ẹ rí ìwé òkìrìkà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, mẹ́ta ẹgbẹ̀rún náírà, ẹ sì rántí pé ẹ ò tíì jẹun, àmọ́ ẹ rà á. A ò tíì dárúkọ PDF. Àwọn tó wà lórí fóònù wa, a ò kà wọ́n, torí a ò fẹ́ mọ iye wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí àyè tó há la ṣe jókòó ka ìwé lọ́jọ́ náà. Ìwé inú páálí kan ló fà á.

Bàbá kan wà ní ojúlé kejì sí wa, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Ìgbà tí a wà ní ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ ni ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n pè wá lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé páálí kan fún wa, ìwé Yorùbá 27 ló wà nínú rẹ̀. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n kàn ní, "Ẹ máa kà á, kí ẹ sì máa wá sọ ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ fún mi." A dúpẹ́, wọ́n wúre fún wa, a gbé páálí lọ sílé, a tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìdánwò ń bọ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdánwò mìíràn ń bọ̀.

Gbogbo ìgbà tí a bá kí wọn ni wọ́n máa ń béèrè: "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti kà á?" Àwa náà á ní, "A ti ń kà á, sà." Nígbà tó pẹ́, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì wá, la bá fi irọ́ kún irọ́. A ní a ti ka *Àjà Ló Lẹrù* tán, ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tó jáde ní 1969. Inú Bàbá dùn. Wọ́n ní, "Lápàdé ńkọ́? Báwo lẹ ṣe rí i?" Ọ̀kan nínú wa sáré dáhùn pé, "Háà, ìkà ènìyàn gbáà ni, sà!"

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé náà á ti máa rẹ́rìn-ín wa báyìí. Lápàdé ni ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì tó ń lé àwọn ọ̀daràn kiri. Bàbá ò bínú, wọn ò sì tú wa fó. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ kú iṣẹ́." Tó bá jẹ́ pé wọ́n bú wa ni, ìbá sàn. Ojú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé la gbà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a má baà pàdé wọn.

Nígbà tí a wá fa páálí náà jáde, ikán ti wọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀. Ìwé mẹ́ta ló ti dé. *Àdììtú Olódùmarè* tí Fágúnwà kọ wà lára wọn, èyí tí Bàbá fi gègé kọ orúkọ wọn sí lọ́dún 1962, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ìwé náà jáde. Ikán ti jẹ ìdajì orúkọ náà. A wo ara wa. Ọ̀kan ní kí a wá òmíràn rà, kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni, ojú Bàbá kúkú ti ṣú. Kò pẹ́ tó sọ ọ́ tó fi káwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Àṣáálẹ́ ọjọ́ yẹn la lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, a jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ti ikán àti ti Lápàdé.

Wọ́n béèrè pé, "Ojú ìwé mélòó ló jẹ?" A ní nǹkan bí ogún, láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ìwé náà, wọ́n ń fọwọ́ wá ibi tó jẹ dé. Wọ́n ní, "Ẹ jókòó." Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn náà lórí, òṣì tí wọ́n bí Àdììtú sí, ìyà tó jẹ ẹ́ ní kékeré, títí wọ́n fi dé ibi tí ìwé náà ṣì kù. Wọ́n ní, "Ó kù sọ́wọ́ yín."

Ìgbà tí a máa kà á la rí i pé ìwé Yorùbá tí a tẹ̀ kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974 kì í ṣe ẹran rírọ̀. *Aiye* ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe ayé. *Enia*, *nwọn*, *ọkọnrin*. Àmì ohùn ò sì tó nǹkan. Ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ nípa èdè Yorùbá ló tilẹ̀ kọsẹ̀ jù, èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ tó pe ọkọ̀ ní ọkọ, Bàbá bi í bóyá ọkọ ìyàwó ni àwọn èrò náà wọ̀ lọ sí ìrìnàjò.

Ìrọ̀lẹ́ Sunday ni à ń lọ báyìí. Ní ti àwọn ìwé yòókù, a fi 40 fún àwọn àbúrò wa ní ẹ̀ka, a kó 12 lọ bá oníwèé òkìrìkà, a sì kó méjì mìíràn bọ̀ láti ibẹ̀. (Ẹ má wò wá bẹ́ẹ̀.) Láàárọ̀, ẹni tó bá ń dáná, èkejì á máa ka ìwé sí i létí, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan fóònù kí ojú ìwé mẹ́wàá tó pé. Ọjọ́ mìíràn wà tí a kì í dé mẹ́ta. Lára ìwé Bàbá, a ti ka márùn-ún.

Sunday tó kọjá la bẹ̀rẹ̀ *Àjà Ló Lẹrù*. Kò pẹ́ tí a dé ibi tí Lápàdé wà ni Bàbá na ọwọ́ sókè pé kí a dúró ná. Wọ́n kọ ojú sí apá ibi tí ohùn wa ti ń wá. Wọ́n ní, "Ìkà ènìyàn yẹn nìyí?" Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé ìyàwó wọn sáré jáde láti ilé ìdáná.