Àtẹ̀gùn Búlọ́ọ̀kù

Ọjọ́ tí mọ́tò mi wọ ọgbà mẹkáníìkì ni mo tó mọ̀ pé òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò ní àyè fún ẹlẹ́sẹ̀. Mo ní kí n fẹsẹ̀ rìn láti Ìbàfò dé Mówè, ṣebí ìlú kan ò jìnnà sí èkejì. N kò tíì rìn jìnnà tí etí títì fi di ìsọ̀ alátẹ, ó tún di ibùdókọ̀, ọlọ́kadà kan sì gba wọ́n-wéè bọ̀ wá pàdé mi. Inú gọ́tà ni mo bẹ́ sí.

Ọdún 1978 ni ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣí ọ̀nà yìí, nǹkan bíi kìlómítà 127, kí ọkọ̀ lè máa sáré. Ìlú wá hù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì: ilé ń bẹ níhìn-ín, ọjà ń bẹ lọ́hùn-ún. Ìgbà tí wọ́n sì gbé àtúnṣe rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Julius Berger àti RCC lọ́dún 2013, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ni gbogbo wa ń sọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń fẹsẹ̀ rìn yẹn, ìdí ògiri kọnkéré tó la títì láàárín ni mo ti dúró pẹ́. Ẹnìkan ti to búlọ́ọ̀kù mẹ́ta síbẹ̀, ó to méjì sí òdìkejì. Ẹsẹ̀ ti fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Ìyá kan dé, igbá búrẹ́dì lórí rẹ̀. Ó ká ìró dé orúnkún, ó gun búlọ́ọ̀kù, ó jókòó lórí ògiri, ó yí ẹsẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Igbá kò mì.

“Mọ̀mí, afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà lọ́hùn-ún o.”

Ó wò mí tẹsẹ̀torí. “Ọmọ mi, ṣé wàá bá mi gbé e gùn ún?”

Wọ́n máa ń ní aláìgbọràn ni àwa ẹlẹ́sẹ̀. Èmi ò gbà. Ẹni tó to búlọ́ọ̀kù yẹn ti kọ́kọ́ wo ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ, iṣẹ́ ẹnjiníà sì nìyẹn. Èkó ti ṣe ìlànà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ lọ́dún 2018, Èkó tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fọwọ́ kàn láti ibí, síbẹ̀ búlọ́ọ̀kù la ṣì ń gùn níhìn-ín.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo gba Sàǹgó lọ sí Ifọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin àtijọ́, èyí tó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ni àwọn èèyàn ń gbà: ó tẹ́jú, kò sì sí ọlọ́kadà tó ń fun fèrè síni létí. Bàbá kan ń ti kẹ̀kẹ́ ológeere bọ̀, ó fi rọ́bà táyà di àpò ẹ̀gẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ ò ṣe gùn ún?”

“Lọ́nà oko ni mo ti ń gùn ún. Bí mo bá ti kan títì báyìí, mo sọ̀ nìyẹn. Trélà ò ní ojú àánú.”

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó padà dé Mówè, òdìkejì títì ni dánfó sì já mi sí. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà níwájú lóòótọ́, ó ṣókùnkùn biribiri, mo sì ń gbọ́ ohùn àwọn géńdé kan lórí rẹ̀. Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí fẹsẹ̀ wá búlọ́ọ̀kù.